Ta ni ká jẹ́ kó fọwọ́ kan wíkì sọ́fítíwíà wa?

Ẹ̀gbọ́n, Sàbó ní Yàbá la wà. Àwa mẹ́rin la jọ kọ sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ kan tí àwọn ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ fi ń ṣe ìwé owó wọn: owó ìfipamọ́, ẹ̀yáwó, onídùúró, èrè ìparí ọdún. Kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba lórí GitHub, ojúlé tí àwọn oníkóòdù ń kó iṣẹ́ wọn sí. Àwọn akápò láti Múṣin dé Kétu ti ń lò ó, àmọ́ ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi wá lórí WhatsApp láràárọ̀, ọwọ́ wa ò sì ká a mọ́. A fẹ́ dá wíkì sílẹ̀, ìyẹn ojúlé tí àwọn tó ń kà á lè fúnra wọn tún kọ. Ọ̀kan nínú wa ní MediaWiki, sọ́fítíwíà tí Wikipedia ń lò, ni ká gbé kalẹ̀, èkejì ní wíkì tí GitHub fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ ti tó. Ìjà gidi wá ni pé ẹnì kẹta ò fẹ́ kí akápò kankan fọwọ́ kan ojú ewé. Ó ní ọ̀rọ̀ owó ni, wọ́n á bà á jẹ́. Kí ni ká ṣe?

* * *

Ìjà ẹnì kẹta yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ parí, torí òun ló máa sọ irú wíkì tí ẹ máa lò.

Ohun tí àwọn èèyàn máa ń sọ sí i pín sí méjì. Àwọn kan ní kí ẹ ṣí i sílẹ̀ gbayawu, ayé á máa kọ ọ́ fúnra wọn. Àwọn yòókù ní kí ẹni tó mọ kóòdù nìkan máa kọ ọ́. Mi ò bá ìkankan wọn lọ dé òpin.

Ẹ wo Nupedia, ìwé ìmọ̀ ọ̀fẹ́ kan orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Oṣù kẹta ọdún 2000 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé ló ń kọ ọ́, àròkọ kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ la ìpele méje kọjá kó tó jáde. Nígbà tí wọ́n fi máa tì í pa lọ́dún 2003, àròkọ tó là á já kò tó 30. Wikipedia, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2001 kí wọ́n lè máa rí àròkọ pèsè sílẹ̀ fún Nupedia, ló wá gba ipò mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn tó fẹ́ràn ṣíṣí sílẹ̀ máa ń fi ìtàn yìí borí nínú àríyànjiyàn, wọ́n á sì dákẹ́ síbẹ̀. Wọn kì í fi kún un pé gbogbo ayé ni Wikipedia ń pè. Ẹ̀yin, akápò tó ń ti ọjà bọ̀ lálẹ́ lẹ ń pè. Bí ẹ bá kàn ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ lásán, àwọn onítẹ́tẹ́ tó fẹ́ lẹ ìpolówó mọ́ ọn ló máa kọ́kọ́ wọlé.

Síbẹ̀, ẹnì kẹta yín ò jàre. Kí lẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ̀ nípa ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀? Ẹ mọ ohun tí bọ́tìnì ń ṣe. Akápò ló mọ gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kí èèyàn tó dé ìdí bọ́tìnì. Ọmọ ẹgbẹ́ san owó lẹ́yìn ìpàdé ọjọ́ Àìkú, wọn ò rí iná tan kọ̀ǹpútà títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun: ọjọ́ wo ni wọ́n máa kọ sílẹ̀? Onídùúró kú nígbà tí ẹ̀yáwó ṣì ku ìdajì: báwo ni wọ́n ṣe máa fi ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀ tí ẹ̀yáwó náà kò fi ní hàn bí èyí tí kò ní onídùúró? Ọkùnrin kan fẹ́ kí wọ́n yọ nínú owó ìfipamọ́ òun fi san gbèsè ìyàwó òun, tóun náà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́. Ẹ ò kọ ìkankan nínú ìyẹn sínú kóòdù yín. Ẹgbẹ́ kan ti rí ọgbọ́n dá sí i, ẹgbẹ́ mìíràn ṣì ń forí họ. Ọgbọ́n tí akápò Múṣin dá ni akápò Kétu ń wá kiri. Tí wíkì yín ò bá gba ọgbọ́n yẹn sílẹ̀, ìwé ìtọ́sọ́nà lásán lẹ kọ, ẹ ò nílò wíkì fún un.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́. Ẹ ti ojú ewé díẹ̀ pa: bí èlé ṣe ń jẹ́ ṣíṣírò, bí a ṣe ń gbé ẹ̀dà tuntun wọlé, bí a ṣe ń dá àkọsílẹ̀ tó sọnù padà. Àṣìṣe níbẹ̀ á ná èèyàn lówó. MediaWiki gbà yín láyè láti ti ojú ewé kan pa kí ẹ sì fi ìyókù sílẹ̀, ojú ewé Ọ̀rọ̀ tó so mọ́ ọn á ṣì wà ní ṣíṣí kí akápò lè kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìṣirò yìí ò bá òfin ẹgbẹ́ àwọn mu. Ìyókù, kí ẹnikẹ́ni tó bá ti ní àkáǹtì máa tún un ṣe.

* * *

Ẹ ní: ṣé kò ní sàn kí àtúnṣe dúró ná, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, kó tó hàn sí gbogbo èèyàn?

Àwọn oníkóòdù fẹ́ràn èyí gan-an, torí bí wọ́n ṣe ń gba kóòdù wọlé nìyẹn. Àfikún kan wà fún MediaWiki tó ń ṣe é, FlaggedRevs lorúkọ rẹ̀, Wikipedia èdè Jámánì sì ti ń lò ó láti ọdún 2008. Wọ́n ní èèyàn tí wọ́n á fi ṣe é. Ẹ̀yin ńkọ́? Mẹ́rin ni yín, kálukú yín ló sì ní iṣẹ́ tó ń gbowó oṣù níbẹ̀.

Mo bá àwọn kan ṣe wíkì rí fún sọ́fítíwíà tí àwọn onítẹ̀wé Ṣómólú fi ń to ìwé. Ìlànà yìí gan-an ni àwọn olórí ibẹ̀ yàn. Àtúnṣe tò sílẹ̀ bí ọkọ̀ nílé epo lásìkò tí epo bá wọ́n. Ẹni tí wọ́n fi sídìí àyẹ̀wò lọ ṣe ìdánwò, ó ṣe é tán, ó ríṣẹ́, ó gbàgbé wa. Obìnrin kan wà tó mọ̀ nípa àwọ̀ ju gbogbo wa lọ: ìdí tí pupa tó dán lójú kọ̀ǹpútà fi ń di pupa rúsúrúsú lórí bébà, àti ohun tí èèyàn máa yí kó tó gbé iṣẹ́ lọ sídìí ẹ̀rọ. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Kò rí i kó hàn. Ó padà sórí WhatsApp, ó ń dá àwọn oníbàárà àti ọmọṣẹ́ lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí àṣìṣe kankan nínú ohun tó kọ o, àyẹ̀wò ni kò rí ẹni ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí àtúnṣe hàn lójú ẹsẹ̀, kí ọ̀kan nínú yín sì máa wo ojú ewé Àwọn Àtúnṣe Tuntun. Èyí tí kò bá dáa, ẹ lọ sí Wo Ìtàn, ẹ dá a padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, kò gba ìṣẹ́jú kan. Ẹ sì rán ẹnì kẹta yín létí pé wíkì àkọ́kọ́ láyé, tí Ward Cunningham gbé jáde ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta ọdún 1995, àwọn oníkóòdù bíi tirẹ̀ ló wà fún, ẹnikẹ́ni tó bá sì dé ibẹ̀ ló lè tún un ṣe.

* * *

Ó wá ku GitHub tàbí MediaWiki.

Wíkì GitHub rọrùn, mi ò ní purọ́. Git, irinṣẹ́ tí oníkóòdù fi ń tọ́jú ẹ̀dà kóòdù, ló wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ lè kó gbogbo rẹ̀ wálé bí ẹ ṣe ń kó kóòdù. Bó ṣe wà láti ilẹ̀, kìkì ẹni tó láṣẹ láti kọ sínú iṣẹ́ yín ló lè tún un ṣe. Ẹ lè ṣí i fún gbogbo ẹni tó ní àkáǹtì GitHub, àmọ́ akápò wo ní Oyíngbò ló ní àkáǹtì GitHub? Èyí tó tún burú jù ni pé GitHub fúnra rẹ̀ sọ ọ́ nínú ìlànà rẹ̀ pé ẹ̀rọ ìwákiri ò ní gba wíkì kan wọlé àfi tí iṣẹ́ náà bá ní ìràwọ̀ 500 ó kéré tán, tí wọ́n sì ti wíkì náà mọ́ àwọn ará ìta. Ẹ ṣí i, Google ò ní rí i. Ẹ tì í, akápò ò ní lè kọ ọ́. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ GitHub parí síbẹ̀.

Àwọn kan máa dárúkọ DokuWiki. Ó dáa. Andreas Gohr ló gbé e jáde lọ́dún 2004, inú fáìlì lásán ló ń kọ ọ̀rọ̀ sí, kò nílò dátábéèsì, tí ẹ bá ti da àpò fáìlì yẹn kọ, ẹ ti ní ẹ̀dà ìpamọ́. Ká ní àwọn oníkóòdù nìkan ló máa lo wíkì yín, òun ni ǹ bá mú.

MediaWiki ni mo mú fún yín, nítorí akápò. Láti ẹ̀dà 1.35 tó jáde lọ́dún 2020 ni VisualEditor ti ń bá a wá: èèyàn á tẹ Àtúnṣe, á máa kọ ọ́ bó ṣe máa rí, kò nílò àmì kankan. Bọ́tìnì rẹ̀ lè sọ Yorùbá, ẹ ti rí i lórí Wikipedia Yorùbá. Ìyà tó wà nínú rẹ̀ ni pé ó fẹ́ PHP (èdè kóòdù tí wọ́n fi kọ ọ́) àti dátábéèsì, ó sì fẹ́ kí wọ́n máa gbé ẹ̀dà tuntun wọlé fún un. Ẹ mú ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀dà ọlọ́jọ́ pípẹ́, bíi 1.43 ti oṣù kejìlá ọdún 2024, tí wọ́n ń tún ṣe fún ọdún mẹ́ta. Tí kò bá sí ẹni nínú yín tó lè fi orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ fún iṣẹ́ yẹn, ẹ padà sí DokuWiki, ẹ má jiyàn.

Torí ihò inú sọ́fítíwíà wíkì, tí ẹ̀dà tuntun máa ń dí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Lọ́dún 2012, ihò kan wà nínú MoinMoin, sọ́fítíwíà wíkì mìíràn. Àwọn kan gba ibẹ̀ wọ wíkì Debian, àwọn tó ń ṣe ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́, àti ti èdè kóòdù Python. Debian ní láti pa pásíwọ́ọ̀dù gbogbo èèyàn rẹ́ kí wọ́n ṣe òmíràn. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ sí àwọn yẹn, tí wọ́n jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ náà, ẹ̀yin ọmọ Yàbá ẹ rọra.

* * *

Ẹnì kan láti Ìkẹjà, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ọ̀tìgbà, ní òun ti ṣí wíkì rí, àwọn onípolówó sì fi líǹkì tẹ́tẹ́ kún un kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo gbà á gbọ́. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2005 ni Google ti gbé àmì nofollow jáde kí irú líǹkì bẹ́ẹ̀ má bàa wúlò fún ẹni tó lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Wikipedia fi sórí gbogbo líǹkì tó ń lọ síta lọ́dún 2007. Síbẹ̀, àwọn onípolówó ò ṣíwọ́.

Ohun tó ń dá rọ́bọ́ọ̀tì dúró ni ìbéèrè tí kò lè rí ìdáhùn rẹ̀ níbòmíì. Àfikún ConfirmEdit ní apá kan tó ń jẹ́ QuestyCaptcha, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa kọ ìbéèrè sí i. Ẹ kọ ọ́ lédè Yorùbá, kó sì jẹ́ èyí tí ẹni tó ti ṣí sọ́fítíwíà yín rí nìkan mọ̀: "Àwọ̀ wo ni orúkọ ẹni tó jẹ gbèsè kọjá àsìkò máa ń ní?" Akápò á rẹ́rìn-ín, á kọ ọ́. Rọ́bọ́ọ̀tì á kọsẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá rí i pé ìdáhùn ti jò síta, ẹ pààrọ̀ ìbéèrè. Fún èyí tó bá ṣì yọ́ wọlé, àfikún Nuke á pa gbogbo ojú ewé tí àkáǹtì kan dá sílẹ̀ rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Èyí tí ẹnikẹ́ni ò bèèrè, tó sì ń bà mí lẹ́rù ju líǹkì tẹ́tẹ́ lọ: àwòrán ojú kọ̀ǹpútà. Akápò fẹ́ fi bó ṣe ṣe é hàn, ó ya àwòrán, orúkọ ọmọ ẹgbẹ́, nọ́ńbà fóònù àti iye tí wọ́n jẹ hàn kedere. Òfin ààbò dátà tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí lóṣù kẹfà ọdún 2023 wà nílẹ̀, ká tiẹ̀ gbàgbé òfin, ta ló fẹ́ kí aládùúgbò rí gbèsè òun lórí Google? Yíyọ àwòrán kúrò lójú ewé ò sì tó, torí ó ṣì wà nínú Wo Ìtàn. Ẹ gbọ́dọ̀ pa fáìlì náà rẹ́, kí ẹ sì bo ẹ̀dà ojú ewé tó gbé e. Ohun tó dáa jù ni kí ẹ ṣe ẹgbẹ́ àfiṣeré kan tó kún fún orúkọ tí kì í ṣe tẹnikẹ́ni, kí ẹ fi bá sọ́fítíwíà yín wá, kí àwọn akápò máa ti inú rẹ̀ ya àwòrán.

* * *

Lórí èdè, mo rí i pé ẹ ti ń bínú síra yín. Ẹnì kan ní kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, torí bọ́tìnì inú sọ́fítíwíà wà ní Gẹ̀ẹ́sì. Òmíràn ní Yorùbá ni, pẹ̀lú ojúlówó àmì ohùn.

Ẹ kọ orúkọ bọ́tìnì bó ṣe wà lójú kọ̀ǹpútà gẹ́lẹ́, ẹ ṣàlàyé ìyókù ní Yorùbá. Ẹ má túmọ̀ orúkọ bọ́tìnì, akápò á wá a títí kò ní rí i.

Ti àmì ohùn ní wàhálà tiẹ̀. Lẹ́tà bíi ẹ́ kò ní àyè kan ṣoṣo nínú Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ tó ní àmì nísàlẹ̀ ló kọ́kọ́ wà, àmì òkè wá tẹ̀ lé e. Fóònù mìíràn lè tò wọ́n lọ́nà ọ̀tọ̀, tí ojú ò sì ní rí ìyàtọ̀. MediaWiki máa ń tò wọ́n sójú kan náà nínú àkọlé, ẹ̀rù yẹn kúrò. Àmọ́ "Ẹ̀yáwó" àti "Eyawo" á ṣì jẹ́ àkọlé méjì, ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó bá ń wá nǹkan lórí fóònù ni yóò sì tẹ èyí tí kò ní àmì. Ẹ fi àmì sí àkọlé gidi, kí ẹ wá ṣe ojú ewé Àtúnjúwe láti èyí tí kò ní àmì. Ẹ ṣe ọ̀kan fún "loan" náà, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹni tó bá sì kọ ọ̀rọ̀ láìsí àmì, ẹ má lé e. Ẹlòmíì á fi àmì sí i lọ́jọ́ mìíràn, àǹfààní wíkì nìyẹn.

* * *

Ẹni tó ní kí ẹ kó gbogbo ìwé sọ́fítíwíà sínú wíkì, títí kan bí a ṣe ń sọ kóòdù yẹn di sọ́fítíwíà tó ń ṣiṣẹ́, mi ò gbà fún un. Ìyẹn gbọ́dọ̀ gbé pẹ̀lú kóòdù. Ẹni tó bá yí kóòdù padà ló máa yí àlàyé rẹ̀ padà nínú àtúnṣe kan náà. Tó bá wà ní wíkì, á gbàgbé.

Ojú ewé àwọn akápò náà lè gbó. Ẹ ṣe àdàkọ kékeré kan tó máa wà lókè ojú ewé kọ̀ọ̀kan: ẹ̀dà sọ́fítíwíà wo ni wọ́n fi gbìyànjú rẹ̀. Bí ẹ bá gbé ẹ̀dà tuntun jáde, ẹ ó tètè rí èyí tó kù sẹ́yìn. Àkọlé kí ó jẹ́ ìbéèrè bí wọ́n ṣe ń béèrè rẹ̀ lórí WhatsApp, kì í ṣe "Modulu Ìṣàkóso Ẹ̀yáwó". Kò sẹ́ni tó ń béèrè nǹkan báyẹn.

* * *

Ibo ni kí ẹ gbé e sí? Sáfà òkè òkun ni ọ̀pọ̀ ń lò torí owó, mi ò sì ní bá yín jà. Kí ẹ ṣáà rántí ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, nígbà tí okùn abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, SAT-3 àti ACE, bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà létí òkun Abidjan. Ọ̀pọ̀ nǹkan tó wà lókè òkun ò ṣeé ṣí dáadáa l'Ékòó. Ẹ máa ṣe ẹ̀dà kan tí akápò lè gbà sórí fóònù kó sì kà láìsí dátà. Sọ́fítíwíà kan tó ń jẹ́ Kiwix ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Láti ìgbà tí NCC, àjọ tó ń bójú tó iléeṣẹ́ fóònù, ti fọwọ́ sí àfikún owó ìpè àti dátà lọ́dún 2025, ẹ̀dà yẹn tilẹ̀ tún wúlò sí i.

Lọ́dún 2008, gentoo-wiki.com, tí àwọn tó ń lo Gentoo, ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan, kọ fúnra wọn, sọ nǹkan rẹ̀ nù nígbà tí ibi tí wọ́n gbé e sí dàrú, kò sì sí ẹ̀dà ìpamọ́. Irinṣẹ́ dumpBackup tó wà nínú MediaWiki á kó ọ̀rọ̀ àti ìtàn ojú ewé jáde, kì í kó àwòrán, kì í kó àkáǹtì. Ẹ da dátábéèsì kọ, ẹ da àpò àwòrán kọ, ẹ gbé wọn síbi tí kì í ṣe orí sáfà kan náà. Orúkọ ojúlé wíkì náà, ẹ má fi sórí ímeèlì ẹnì kan ṣoṣo.

Ẹ fi ìwé àṣẹ CC BY-SA 4.0 sí i láti ọjọ́ kìn-ín-ní, èyí tó ń jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè lo ọ̀rọ̀ náà bó bá dárúkọ àwọn tó kọ ọ́, tó sì fi àṣẹ kan náà sórí tirẹ̀, kí ó hàn lábẹ́ bọ́tìnì tí wọ́n fi ń gbé àtúnṣe wọlé. Àwọn tó ń kọ wíkì eré kọ̀ǹpútà Minecraft kúrò lórí Fandom, iléeṣẹ́ tó ń gba wíkì sílé, lóṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ìwé àṣẹ irú èyí ló jẹ́ kí wọ́n lè kó ọ̀rọ̀ wọn dání lọ. Ẹ̀dà àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀ o, ó ṣì ń bá wọn dupò lórí Google. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí ẹ yan ilé dáadáa kí ẹ tó kó ẹrù wọ̀ ọ́.

* * *

Ẹ padà wá sọ pé àwọn akápò tí ẹ bá sọ̀rọ̀ ní àwọn ò ráyè jókòó kọ nǹkan, voice note làwọn máa fi ránṣẹ́.

Ẹ gbà á bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹnì kan nínú yín jẹ́ ẹni tó máa gbọ́ voice note, kó kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, kó kọ "láti ẹnu akápò kan ní Kétu" sínú àpótí àlàyé àtúnṣe. Ẹnì kẹta yín ni kó kọ́kọ́ gba ọ̀sẹ̀ tiẹ̀. Kí ẹ fi líǹkì ojú ewé náà ránṣẹ́ sí akápò tó sọ ọ́. Àwọn kan á kà á, wọn á ní "mi ò sọ bẹ́ẹ̀", wọ́n á sì fọwọ́ ara wọn tún un ṣe.

Ojú ewé onídùúró tó kú ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ pe akápò kan tí kò sí lára àwọn tó fi ohùn ránṣẹ́, ẹ kà á fún un lórí fóònù. Níbi tó bá ti dá yín dúró láti béèrè nǹkan, ẹ tún ibẹ̀ kọ.